Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ, òjò ń bọ̀: oko àwọn baba wa ní Kétu

 

Nígbà tí a wà ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún. A kọ́ ọ sórí bí orin: printemps, été, automne, hiver. Nínú ìwé, òdòdó àti ẹyẹ ni wọ́n yà sí abẹ́ printemps. Bí a bá wá délé, a ó bá bàbá wa tó dúró sí ẹ̀bá oko, eérú ló wà níwájú rẹ̀ dípò òdòdó. Oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ni. A kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ìwé Faransé ń pè ní printemps, àwa náà ní irú tiwa, àmọ́ tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná.

Ìgbà yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ títí di ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ dáadáa. Àwọn tó ń sọ ìtàn Kétu máa ń sọ ti ọba àti ti ogun. Wọn kì í sábà béèrè pé, ní oṣù tí ogun náà ṣẹlẹ̀, kí ni àgbẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ ká ti inú oko bẹ̀rẹ̀. Àdá ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́, wọ́n á wá dáná sun ún. Sísun oko kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Wọ́n á kọ́kọ́ ro ẹ̀bá oko yí ká kí iná má baà kọjá sí oko ẹlòmíràn, wọ́n á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wọ́n á sì dúró di ìrọ̀lẹ́ kí atẹ́gùn rọlẹ̀. Ẹni tí iná oko rẹ̀ bá jó àká ọmọnìkejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Àwọn ọdẹ àti àwọn ọmọkùnrin á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ajá àti kùmọ̀, torí ọ̀yà àti òkété á máa sá jáde. Ẹran tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ náà ló ń ṣe ọbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Ní apá Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí iṣu ti jẹ́ olórí oúnjẹ, ebè ti wà nílẹ̀ kí òjò ọdún tó kọjá tó kásẹ̀ pátápátá. Ta ni yóò kọ ebè sínú ilẹ̀ tó ti le bí amọ̀ sísun? Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sin èèbù, wọ́n á sì fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má baà se èèbù mọ́ inú ilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Kétu àti ní apá Pọ̀bẹ́, àgbàdo ni gbogbo ènìyàn ń wò, òjò ni àgbàdo sì ń dúró dè. Irúgbìn àgbàdo á ti wà lókè àrò láti ìgbà ìkórè, tí wọ́n so papọ̀ pẹ̀lú háhá rẹ̀, kí èéfín lè lé kòkòrò jìnnà.

Irúgbìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àsìkò tí ilẹ̀ ń béèrè irúgbìn náà ni àsìkò tí àká ń ṣófo. Àgbàdo tuntun kò ní tí ì yọ títí di oṣù kẹfà sí ìkeje. Ìyá tí ọmọ márùn-ún ń sunkún ebi sí lẹ́sẹ̀, tó sì ń wo àgbàdo lókè àrò lójoojúmọ́ tí kò fọwọ́ kàn án, akọni ni. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ irú wọn sínú ìwé ìtàn kankan.

Omi wá ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kétu mọ̀ pé orí ilẹ̀ gíga ni ìlú náà wà, omi sì jìnnà sínú ilẹ̀. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, omi òjò tí wọ́n gbè sínú ìkòkò ńlá ni wọ́n ń ṣún lò. Tó bá ti tán, àfi kí àwọn obìnrin àti ọmọ jí ní òru kí wọ́n ru igbá lọ sí ibi jíjìn. Ìdí nìyí tí a kò fi ń ṣe àwàdà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkọ́rọ̀ òjò. Bó bá ti ń ṣú, àwọn ìyá kì í sá wọlé, wọ́n ń sá jáde pẹ̀lú ìkòkò, agbada, àwo, ohunkóhun tó bá lè gba omi, láti tò wọ́n sí abẹ́ etí òrùlé.

Ohun mìíràn wà tí àwọn baba wa fi ń wo ojú ọ̀run ní àsìkò yìí, òun ló sì so oko pọ̀ mọ́ ìtàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò ogun. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jáde, nígbà tí ọ̀nà gbẹ, tí odò fà, tí wọ́n ti kórè oko tiwọn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, oko á pe àwọn náà padà sílé. Nítorí náà, fún ẹni tó wà ní Kétu láyé ọjọ́un, àrá àkọ́kọ́ ń sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé ilẹ̀ á rọ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí a tún rí ọdún kan sí i. Àwa kò rò pé ẹnì kan nínú wa lè gbọ́ àrá bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1886, ní ayé ọba Glele, òjò kò tètè gba Kétu sílẹ̀. Dàhómì dó ti ìlú fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Odi ìlú nípọn, Àkàbà Ìdèènà sì wà níbẹ̀ títí dòní fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n oko wà lẹ́yìn odi, àgbẹ̀ sì wà nínú odi. Odi kì í gbin àgbàdo. Ebi wà lára ohun tó ṣẹ́ ìlú. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Kí ìgbà náà tó dé, àwọn tí wọ́n ti ń kó lẹ́rú láti agbègbè wa ti gbé orúkọ Kétu dé Brazil, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Bahia ti ń jẹ́ ọmọ Kétu títí dòní.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ìpínlẹ̀ wọn. Ẹ wo àsìkò tí wọ́n yàn! Ìlú ti di àlàpà, àwọn onílùú wà nínú ìgbèkùn, wọ́n wá pín ilẹ̀ wọn. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìlárá sì wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún.

Nígbà tí àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọ̀nà là fún àwọn ènìyàn wa láti padà sílé. Ní 1894, Àlákétu tuntun ti wà lórí ìtẹ́. Ìwé ìtàn máa ń kọ gbólóhùn yìí kọjá wẹ́rẹ́: wọ́n padà, wọ́n tún ìlú kọ́. Àwa tó mọ oko, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n padà dé ibi tí igbó ti bò fún bí ọdún méje. Ẹni tó ń bọ̀ láti oko ẹrú kò ní àká, kò sì ní irúgbìn lókè àrò, torí kò sí àrò náà. Ẹni tó lọ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ti di géńdé, ó ń wá ààlà oko tí bàbá rẹ̀ fi hàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ló fi mọ̀ ọ́n? Igi ìrókò, igi àràbà, òkúta, orí àkìtàn àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ tí a ń gbọ́ títí di àsìkò yìí, tí ẹ bá tọ gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló máa gbé yín dé.

A rò pé wọ́n lérò pé ẹ̀ẹ̀rùn ti di tiwọn wàyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1899, ìjọba Faransé gbé owó orí jáde ní gbogbo ilẹ̀ Dàhómì. Owó orí kì í dúró de ìkórè. Yàtọ̀ sí owó, wọ́n tún ń mú ènìyàn fún iṣẹ́ ipá: yíya ọ̀nà, ríru ẹrù. Àsìkò tí ilẹ̀ gbẹ ni iṣẹ́ ọ̀nà rọrùn jù, òun náà ni àsìkò tí a ń ṣán oko. Tí wọ́n bá mú ọkùnrin kan fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò fẹ́ rọ̀, wọ́n ti mú oúnjẹ ọdún kan lọ nínú ilé náà. Àáró ló ń gba ẹlòmíràn là, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a ro oko rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣe ni pé wọ́n ru irúgbìn wọn, wọ́n kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé irú ìṣílọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀tẹ̀ tí kò lo ìbọn. Ní apá Ọ̀họ̀rí, àwọn ará wa lo ìbọn ní 1914 sí 1915, wọn kò gbà kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ sójú ogun òyìnbó. Ilẹ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ni ilẹ̀ wọn. Bí òjò bá ti rọ̀, àlejò kì í rìn ín. Ní Àjàṣẹ́, oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 1923 ni àwọn ènìyàn kọ̀ láti san owó orí tí wọ́n fi kún. Ìjọba kó sójà wọ̀lú, wọ́n sì rán Louis Hunkanrin lọ sí ìgbèkùn ní Mauritania. Ẹ tún wo oṣù náà. Oṣù kejì, oṣù kẹta: ìgbà tí àpò gbẹ, tí àká gbẹ. Àwọn onímọ̀ máa ń ka ìdí rẹ̀ ní ti ìṣèlú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àwa fi ti àká kún un.

Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ ipá jáde. Àwọn bàbá wa tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà rántí ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wá pe bàbá wọn kúrò lóko.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìbànújẹ́ nìkan ni àsìkò yìí. Ìgbà yìí kan náà, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọdọọdún máa ń jáde ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, nígbà tí oko tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, wọ́n á júbà àwọn ìyá wa, wọ́n á bẹ̀bẹ̀ fún òjò, fún ọmọ, fún àlàáfíà, wọ́n á sì fi orin bú ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ láàárín ọdún. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Ó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wò ó ní orí pèpéle ní Kùtọnu ní oṣù kejìlá, kó mọ̀ pé òun ti ya ijó náà kúrò lára òjò rẹ̀.

Oko tiwa kò tóbi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òjò kan rọ̀ ní oṣù kẹta, òjò ńlá, èsúnsún jáde, gbogbo wa yọ̀. A gbin àgbàdo lọ́jọ́ kejì. Ìyá wa ní ká fi ìdajì irúgbìn sílẹ̀, a ní rárá, pé ilẹ̀ ti mu omi tó. Lẹ́yìn náà, oòrùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó hù jóná. Àbúrò ìyá wa tó wà ní Ìmẹ̀kọ ló gbé àpò irúgbìn kan wá lórí alùpùpù, láti ọ̀nà igbó tí àwọn baba rẹ̀ gbà sá fún owó orí. Kò gba kọ́bọ̀. Ó kàn bi wá pé ta ló kọ́ wa ní iṣẹ́ oko.

Láti ìgbà náà, ìyá wa ló ń pín irúgbìn. Ìdajì fún òjò àkọ́kọ́, ìdajì á wà lókè àrò. Lánàá, ojú ọ̀run ṣú sí apá Ìmẹ̀kọ, atẹ́gùn gbé eérú oko kúrò nílẹ̀, kò sì rọ̀. Síbẹ̀ ìyá wa ti to agbada sí abẹ́ etí òrùlé.