Ìgbékalẹ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Síláìdì: Ìtàn PowerPoint àti Àríyànjiyàn Tí Ó Bí

Ìfáárà

Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PowerPoint pín sí ìhà méjì. Ìhà kan gbà pé irinṣẹ́ lásán ni, àti pé bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara, ẹni tí ó sọ ọ́ ni kí á bi. Ìhà kejì, tí Edward Tufte jẹ́ aṣáájú fún, gbà pé bí ètò náà ṣe ń to ọ̀rọ̀ ni ó ń ba ìrònú jẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìhà méjèèjì fo apá kan nínú ìtàn náà dá. Àṣà gígé ọ̀rọ̀ sí kéékèèké ti wà kí PowerPoint tó dé. Ohun tí PowerPoint ṣe ni pé ó sọ àṣà náà di ìlànà tí òǹkọ̀wé ń bá lójú ewé, kí ó tó kọ ohunkóhun sí i rárá.

Ọ̀rá àti Fíìmù

Irú síláìdì méjì ni ó gbajúmọ̀ ní àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1970 sí 1985. Èkíní ni ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí ó mọ́ gaara, tí wọ́n ń gbé lé orí ẹ̀rọ oníná kí ohun tí ó wà lára rẹ̀ lè hàn lára ògiri. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀rọ yìí kọ́ àwọn sójà wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èkejì ni fíìmù aláwọ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, tí férémù kékeré dì mú. Ọ̀rá kò wọ́n: akọ̀wé lè fi taipuráítà tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà, kí ó sì fi ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà ìwé gbé e sórí ọ̀rá. Fíìmù ní tirẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ayàwòrán àti ilé ìfọfọ́tò. Ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé e fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, yóò sì máa retí ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà. Bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, iṣẹ́ di àtúnbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìdíwọ́ yìí ni Robert Gaskins gbájú mọ́ nígbà tí ó darapọ̀ mọ́ Forethought, iléeṣẹ́ kékeré kan ní Kalifóníà, ní 1984. Ìwé àbá olójú-ewé méjì tí ó kọ ní oṣù kẹjọ ọdún náà yẹ kí òpìtàn tún gbé yẹ̀ wò dáadáa. Kì í ṣe ẹwà ni ó tẹnu mọ́ jù níbẹ̀, bí kò ṣe àṣẹ: kí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ máa fúnra rẹ̀ darí bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe hàn. Dennis Austin àti Thomas Rudkin ni wọ́n bá a kọ ètò náà. Presenter ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó pa á dà. Ó jáde ní oṣù kẹrin 1987 fún kọ̀ǹpútà Macintosh, ní dúdú àti funfun nìkan, ọ̀rá sì ni wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Microsoft ti fi mílíọ̀nù 14 dọ́là ra Forethought. Àwọ̀ dé ní 1988, ẹ̀dà ti Windows dé ní 1990, nígbà tí ó sì di 1992, Gaskins dúró níwájú àpéjọ ní Páríìsì, ó sì fi kọ̀ǹpútà àgbélétan gbé síláìdì jáde tààrà láìlo ọ̀rá tàbí fíìmù. Kodak kò ṣe ẹ̀rọ síláìdì mọ́ lẹ́yìn 2004.

Àṣẹ tí Gaskins fẹ́ fún olọ́rọ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀ tán. Nínú àwọn ẹ̀dà tí ó gbòde ní àwọn ọdún 1990, ẹni tí ó ṣí ojú ewé tuntun bá àpótí àkọlé ní òkè àti àpótí ọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ yóò gba àmì róbótó síwájú. Bí ó bá tì í sínú díẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ yóò kéré sí i. Èyí tí ó jinlẹ̀ sínú jù ni lẹ́tà rẹ̀ ń kéré jù. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n lẹ́tà ti di ìdájọ́ lórí ìwúwo ọ̀rọ̀. Microsoft tilẹ̀ fi ohun kan kún un tí wọ́n pè ní AutoContent Wizard, tí ń bá ènìyàn to kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2007.

Columbia àti Challenger

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2003, ọkọ̀ gbalasa òfurufú Columbia gbéra. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí fóòmù kan fi já bọ́ tí ó sì gbá apá òsì rẹ̀. Ní ọjọ́ 24, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbé àyẹ̀wò wọn kalẹ̀ lórí síláìdì níwájú àwọn ọ̀gá NASA. Yàrá náà kún dé ọ̀ọ̀dẹ̀. Àkọlé ọ̀kan nínú àwọn síláìdì náà fi ọkàn ẹni balẹ̀: ó ní ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ fi hàn pé ìṣirò wọn ti fi ààyè sílẹ̀ fún ewu. Ìlà tí ó kẹ́yìn, nínú lẹ́tà kékeré, ni ó sọ pé fóòmù tí ó bọ́ tó 1,920 ínṣì kúbíìkì, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò jẹ́ 3 péré. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po 640. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ó lè túmọ̀ sí "púpọ̀" tàbí "pàtàkì" fara hàn nígbà márùn-ún lórí síláìdì yìí, láìsí òǹkà tí ó sọ bí púpọ̀ náà ti pọ̀ tó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run, àwọn méje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí, nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, gba àlàyé Tufte wọlé, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu lílo síláìdì dípò ìwé ìjìnlẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, irọ́ ní ń mú wá. Síláìdì yìí fi hàn pé gbólóhùn tí wọ́n gé kúrú pàápàá lè bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí PowerPoint bá jẹ́ orísun àrùn náà, kí ni kí á sọ nípa Challenger? Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1986, ó ku oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí PowerPoint tó jáde. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Morton Thiokol fi ojú ewé 13 ránṣẹ́ sí NASA lórí fáàsì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ àwọn kan nínú rẹ̀. Wọ́n ń kìlọ̀ pé òtútù lè ba òrùka rọ́bà inú rọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́. Tufte rí i pé kò sí ojú ewé kan tí ó to ìbàjẹ́ òrùka àti ìwọ̀n òtútù pọ̀ kí ojú lè rí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2002, Roger Boisjoly, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kìlọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àti àwọn tí wọ́n jọ kọ̀wé ta ko àlàyé yìí. Àtakò wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ojú ewé náà lè má ṣe dáadáa tó, síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ létí àwọn ọ̀gá pé kí ọkọ̀ má gbéra. Àwọn ọ̀gá ni ó yí ìmọ̀ràn náà padà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín alẹ́ ọjọ́ yẹn àti 2003 ṣe kókó ju ọ̀rọ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1986, ẹnu ni wọ́n fi kìlọ̀, wọ́n gbọ́, wọn kò gbà. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bá wọn ya fọ́tò apá ọkọ̀ náà láti òfurufú, wọn kò rí i gbà. Pẹ̀lú ìwọ̀nba ìṣirò tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi dúró níwájú àwọn ọ̀gá. Ẹ̀bẹ̀ fọ́tò náà kò sí níbì kankan lórí síláìdì tí òǹkà 1,920 wà.