Àhámọ́ Ooru àti Fífẹ́lẹ́ Ìbòrí Ósóònù

Àhámọ́ ooru ni bí àwọn gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́ ṣe ń dá ooru tó ń ti ara ilẹ̀ gòkè dúró, tí kì í fi í sá lọ tán. Fífẹ́lẹ́ ìbòrí ósóònù ní tirẹ̀ ni bí àwọn kẹ́míkà tí ọmọ aráyé pò ṣe ń dín gáàsì tó ń sé ìtànṣán olóró oòrùn kù. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ooru tí kò ríbi jáde; èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtànṣán tó ríbi wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé ojú ọ̀run ti lu, pé ihò yẹn ni oòrùn ń gbà wọlé tí ayé fi ń gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti sùn ní Ṣakí nígbà ọyẹ́ ti mọ àhámọ́ ooru láìmọ orúkọ rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á mú ganrínganrín, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ṣú, èèyàn á máa wá aṣọ ìbora kiri. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ooru ilẹ̀ sì ń rọ́nà lọ. Nígbà òjò tí ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́, ooru ọ̀sán á bá wa dòru, a ó sì máa fẹ́ra lórí ibùsùn. Ọ̀rinrin yìí ló ń ṣe ipa tó pọ̀ jù nínú híhá ooru mọ́. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, methane àti nitrous oxide wà lára àwọn yòókù. Láìsí wọn, ìwọ̀n ooru ayé lápapọ̀ ì bá wà ní nǹkan bí 18 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, dípò nǹkan bí 15 tó jẹ́. Àhámọ́ ooru fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Eunice Foote ní Amẹ́ríkà ti dán an wò ní 1856, John Tyndall ṣe tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1859, Svante Arrhenius ará Sweden sì ṣírò rẹ̀ ní 1896. Kí ayé ẹ̀rọ tó dé, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní 1958, ó ti di nǹkan bí 315. Ó ti kọjá 420 báyìí, nítorí èédú, epo rọ̀bì, igbó tí a ń gé, àti gáàsì tí a ń jó, títí kan èyí tó ń jó lálá lórí kànga epo ní Niger Delta.

Ósóònù ẹ̀wẹ̀ wà lókè réré, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 35. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ wá sílẹ̀, kò ní nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Síbẹ̀ òun ló ń sé ìtànṣán ultraviolet tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara, tó sì ń mú kí ẹyinjú di funfun. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland kìlọ̀ pé CFC, ìyẹn gáàsì fìríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti agolo tí a fi ń fín nǹkan, ń gòkè lọ síbẹ̀, ó sì ń tú chlorine sílẹ̀. Ẹyọ átọ́ọ̀mù chlorine kan lè ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ósóònù jẹ́. Ní 1985, Joe Farman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ósóònù orí Antarctica ń dín kù gan-an nígbàkigbà tí oòrùn bá padà síbẹ̀ lẹ́yìn òtútù òun òkùnkùn. “Ihò” ni ayé ń pè é, ṣùgbọ́n ibi tó fẹ́lẹ́ ni. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ìyípadà inú ósóònù kéré. Ẹni tí ooru Èkó bá ń dà láàmú, kó má di ẹ̀bi ru ihò Antarctica.

Kí ló wá dà wọ́n pọ̀? Gáàsì fìríìjì ni. CFC ń ba ósóònù jẹ́, ó sì tún ń há ooru mọ́ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún ju kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì lọ. Àwọn tó ń tún fìríìjì ṣe mọ R12 tó jẹ́ ọ̀kan lára CFC, wọ́n sì mọ R134a tó rọ́pò rẹ̀. R134a kò ní chlorine, kò fọwọ́ kan ósóònù, àmọ́ ó ń há ooru mọ́ dáadáa. Ìyẹn ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Kigali ní 2016 láti dín irú rẹ̀ kù.

Ìwòsàn wọn kò dọ́gba. Àdéhùn Montreal ti 16 oṣù Kẹsàn-án 1987 fòpin sí ṣíṣe CFC, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò pọ̀, a sì rí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì ní tirẹ̀ wà nínú mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé retí pé ósóònù orí Antarctica á padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí 2066. Ní Mauna Loa, kò sí ọdún kan tí kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì kò lé sí i láti ìgbà tí Keeling ti bẹ̀rẹ̀.