Ilé Ìjọba ní Sùúrùlérè fún Àwọn Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba amúnisìn fi dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Iṣẹ́ àjọ yìí tó fa awuyewuye jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nígbà tí wọ́n ń wó ilé láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Ilẹ̀ tí wọ́n là kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà tó 70 éékà. Òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn aláṣẹ kò sì fẹ́ kí àlejò bá ilé jákujàku ní olú ìlú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ ọmọ Èkó gan-an, inú ilé ìdílé ni wọ́n ń gbé. Ìjọba kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún wọn, ó sì fi owó ìrànwọ́ dín owó ilé kù. Ilé náà mọ́, kò sì há bí ti tẹ́lẹ̀. Oore gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà sí ìlú bí Ìkun tàbí Ọ̀kà Àkókó mọ̀ pé ọmọ ilé kì í sanwó ilé nínú agbo ilé bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bó ti wù kí owó Sùúrùlérè kéré tó, ẹrù tuntun ni fún ẹni tí kò san irú rẹ̀ rí.

Peter Marris, olùṣèwádìí ará Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé obìnrin tó ti ń pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà ilé l'Ékòó kò rí oníbàárà mọ́ ní Sùúrùlérè. Bí yóò bá tajà, àfi kó wọ bọ́ọ̀sì padà sí erékùṣù. Àgbàlagbà tí ọmọ àti ìbátan ń yà kí lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fún ní kọ́bọ̀ méjì mẹ́ta, wá dá wà. Àwọn mìíràn kò lè san owó ilé náà, wọ́n kó jáde. Lójú tèmi, ibí yìí ni ètò náà ti kùnà: ilé nìkan ni ìjọba ṣe ìrànwọ́ fún, kò ro ti ọjà àti ẹbí.

Wọn kò wó gbogbo ibi tí wọ́n pinnu tán. Ní 1972 ni wọ́n pa àjọ náà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó sì di Lagos State Development and Property Corporation.