Ta ló yẹ kó yan ohun tí ọmọ máa yà?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, pàápàá ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Energy Corridor àti Katy, ní ìwọ̀ oòrùn Houston níbí.

Gbogbo ìgbà tá a bá ṣe ọjọ́ àṣà fún àwọn ọmọ wa, nǹkan kan náà là ń ní kí wọ́n yà: ìlù dùndún, igi ọ̀pẹ, ahéré tí wọ́n fi koríko bo. Ọmọ tí ò fojú kan ahéré rí á ya ahéré, a ó pàtẹ́wọ́, a ó ya fọ́tò. Ní sùkúù, wọ́n ń bi ọmọ yẹn pé, "Ibo lo ti wá gan-an?" Tó bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní ọmọ òyìnbó dé. Ibo wá ni ilé rẹ̀? Ìtàn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí, mo sì fẹ́ sọ fún yín pé ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tó dára jù sí i wà nínú ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria. Júù ni Viktor Lowenfeld, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ojú wọn ò ríran bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ère. Ó rí i pé àwọn ọmọ yìí kì í mọ ojú èèyàn bó ṣe rí lójú àwa tó ń ríran. Bó ṣe rí lára wọn ni wọ́n ń mọ ọ́n, ohun tó bá sì kàn wọ́n jù ló máa ń tóbi jù. Lọ́dún 1938, nígbà tí Hitler gba Austria, Lowenfeld sá lọ. Lọ́dún 1939, ó rí iṣẹ́ tíṣà ní Hampton Institute ní Virginia, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Biggers bá a ní 1941. Iṣẹ́ púlọ́mbà ló wá kọ́ o! Gastonia ní North Carolina ni wọ́n ti bí i, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, irú ilé tóóró tí yàrá ń tẹ̀ léra wọn, tí wọ́n ń pè ní shotgun. Lowenfeld ò ní kó lọ ṣe àdàkọ àwòrán àwọn ará Yúróòpù. Ó ní kó ya ohun tó mọ̀: ìyá rẹ̀, ìjọ rẹ̀, iṣẹ́ àti ìyà àwọn èèyàn rẹ̀. Ó sì fi ère ilẹ̀ Áfíríkà hàn wọ́n ní Hampton, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn baba ńlá wọn náà lọ́nà lọ́wọ́. Biggers bá pa púlọ́mbà tì. Ní 1947, Lowenfeld gbé ìwé rẹ̀ jáde, Creative and Mental Growth, tí àwọn tíṣà káàkiri ayé fi ń kọ́ ọmọdé.

Lọ́dún 1949, Biggers dé Houston, ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tá a mọ̀ sí Texas Southern University lónìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwòrán rẹ̀ kan, The Cradle, gba ẹ̀bùn ní Museum of Fine Arts ti Houston. Ṣùgbọ́n òfin ìyàsọ́tọ̀ ìgbà náà ò jẹ́ kó lè lọ síbi àríyá àwọn tó gba ẹ̀bùn. Ẹ wò ó, ìlú gba àwòrán rẹ̀, ìlú ò gba òun fúnra rẹ̀. Kí ló wá ṣe? Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ògiri ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n ya ayé tiwọn sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ló di tíṣà, tí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ yẹn lọ fún àwọn ọmọdé.

Ní 1957, Biggers lọ sí Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà, UNESCO ló ràn án lọ́wọ́. Ohun tó rí ló fi ṣe ìwé Ananse ní 1962. Ẹ kíyè sí i pé kó tó dé Áfíríkà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń ya àwọn èèyàn tiẹ̀. Nígbà tó sì padà dé, kò ju ilé shotgun nù. Ó jẹ́ kí ilé yẹn, pákó ìfọṣọ, ìkòkò àti àwọn àmì Áfíríkà jọ dúró nínú àwòrán kan náà.

Nílé, àwọn baba wa ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, padà dé láti London ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Èkó bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán lọ́nà ti Yúróòpù. "Mr. Perspective" ni wọ́n ń pè é. Àwọn amúnisìn ní aláwọ̀ dúdú ò lè ṣe é, òun ní irọ́ ni. Òun náà ló bẹ ìjọba títí wọ́n fi rán Kenneth Murray wá ní 1927. Murray wá ní rárá, ìgbésí ayé abúlé àti ọnà ìbílẹ̀ ni kí àwọn ọmọ dì mú. Ó gbé iṣẹ́ wọn lọ sí Zwemmer Gallery ní London ní 1937, ti Ben Enwonwu wà níbẹ̀.

Lójú tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ò mọ bá a ṣe ń lo pẹ́ńsù ò ní lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, àgbàlagbà ló ń pinnu ohun tó jẹ́ "tiwa". Ohun tó jẹ́ kí ti Lowenfeld àti Biggers yàtọ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àdúgbò wa. Oṣù Kẹjọ 2017, òjò Harvey kún Addicks àti Barker. Wọ́n ṣí omi sílẹ̀, omi wọ ilé àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Buffalo Bayou. Òjò yẹn kan náà ló ba òrùlé Blue Triangle jẹ́ ní Third Ward, tí omi fi jò sára àwòrán ara ògiri tí Biggers yà síbẹ̀ ní 1953 nípa àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú. (Àwòrán yẹn ló fi gba oyè dókítà o, ẹ bá èmi náà ṣàdúrà.) Wọ́n ti tún un ṣe.

Ní kíláàsì Sátidé kan, a ní kí àwọn ọmọ ya ohunkóhun tó bá wù wọ́n. Ọmọbìnrin kan, tí kò ju ọmọ ọdún 4 lọ nígbà Harvey, ya àtẹ̀gùn, omi nísàlẹ̀, màmá àgbà pẹ̀lú gèlè lórí. Ọwọ́ màmá tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Àǹtí kan ní, "Pa ọwọ́ yìí rẹ́, ó ti tóbi jù." Ọmọ náà ní, "Ọwọ́ yẹn ló gbé mi gòkè." Kò sí ahéré níbẹ̀, kò sí ìlù. Ṣùgbọ́n ta ló máa wo àwòrán yẹn kó sọ pé ọmọ yìí ò mọ ilé?

Ẹ má pa ọwọ́ yẹn rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yà á tán, kẹ́ ẹ wá bi í pé, "Sọ ọ́ fún mi." Ẹ bá a kọ orúkọ nǹkan tó yà sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá: omi, àtẹ̀gùn, gèlè. Tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya ọwọ́ kó jọ ọwọ́, ẹ kọ́ ọ, Ọnàbólú á dunnú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ọmọ náà ń wo ilé o.

Kí ni ọmọ tiyín yà kẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹ rán an? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀.