Díísù Tó Mọ́ àti Pọ́ǹpù Tó Ń Jẹ

Tọ̀sán-tòru ni tírélà ń gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Ìlọrin àti òkè Ọya. Nínú ìlú méjèèjì, ẹ́ńjìnnì díísù ló ń yí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ méjì ni díísù ń ṣe fún gbogbo wọn: ó ń jó, òun náà sì ni irin inú pọ́ǹpù tó ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì fi ń yọ̀.

Ọdún 1927 ni Bosch ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù díísù lọ́pọ̀ yanturu. Irin róbótó kan ló ń lọ sókè-sódò nínú ihò rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn irun orí. Díísù tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló ń là wọ́n níjà. Pọ́ǹpù rótárì, bíi CAV DPA àti Bosch VE, tún gbára lé e jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí díísù nìkan ló ń tọ́jú gbogbo irin inú rẹ̀.

Ní 1991, nítorí èéfín, ìjọba Sweden dín owó orí kù lórí díísù tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an. Èéfín dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé imí-ọjọ́ ló ń mú epo yọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé ìfọpo ṣe ń fi haidirójìn yọ ọ́, ó ń kó àwọn èròjà tó ní ọ́síjìn àti náítírójìn lọ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin lára tí wọ́n sì ń dáàbò bò ó.

Àwọn onímọ̀ wá dá ohun tó jọ wọ́n padà: ásíìdì inú ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń rí lára igi páìnì, tàbí díísù tí wọ́n fi òróró ewéko ṣe. Díẹ̀ báyìí ló ń tó.

Láti mọ epo tó dára, wọ́n gbé ìdánwò HFRR kalẹ̀ ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ọ̀lù irin kékeré yóò máa ha irin pẹrẹsẹ nínú díísù tó gbóná dé ìwọ̀n 60 Sẹ́síọ́ọ̀sì, fún ìṣẹ́jú 75. Ojú ibi tó bá jẹ kò gbọdọ̀ ju máíkírómítà 460 lọ ní Yúróòpù. 520 ni Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní 2005.

Ní 2020, ECOWAS pinnu pé imí-ọjọ́ inú díísù tí wọ́n ń kó wọlé kò gbọdọ̀ ju 50 nínú mílíọ̀nù lọ. Ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe díísù ní January 2024. Bí epo ṣe ń mọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí dípó máa yẹ yíyọ̀ rẹ̀ wò.

Ẹni tó bá da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ díísù ń ba yíyọ̀ tí díísù ń mú irin yọ̀ jẹ́, torí pé kẹrosíìnì ṣàn jù. Bí pọ́ǹpù bá ti jẹ, ẹ́ńjìnnì yóò sítáàtì láàárọ̀. Tó bá ti gbóná, ó di wàhálà. Awakọ̀ a da omi tútù sórí pọ́ǹpù kó tó gbà. Irin ti jẹ, díísù gbígbóná ti fẹ́lẹ́, ó sì ń jò gba àlàfo náà padà. Omi tútù ló mú un ki díẹ̀.

Nígbà tó bá dé ibẹ̀, kò sí èròjà amépo-yọ̀ inú ìgò tó lè dá irin náà padà. Kí pọ́ǹpù tó jẹ ni wọ́n ti ń lò ó, bí ara ìgò ṣe wí, kí wọ́n sì dà á sí táǹkì ṣáájú epo kó lè pò dáadáa.