Ọ̀kẹ́ Kan ní Ilẹ̀ Kàbà

Àwọn kan a máa sọ pé òǹkà Yorùbá ta kókó jù. Èmi ọmọ Kàbà kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a tú àpò kan wò ná.

Ogójì owó ẹyọ ni àwọn bàbá wa ń sin sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ní 1887, Adolphus Mann kọ ọ́ pé márùn-ún márùn-ún ni olùkà ń ṣa owó náà jọ, títí yóò fi di ogún, títí yóò fi di igba.

Nítorí náà, 2 àti 5 nìkan ló bí 20,000: bí a bá fi 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin sọ ara wọn di púpọ̀, òun ni a ó rí. Iye tí ó lè pín in láìṣẹ́kù jẹ́ 30. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá mẹ́ta bá fẹ́ pín in, ẹyọ méjì yóò ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ẹyọ kan.

Ní ilẹ̀ wa, ìṣirò yìí kì í ṣe eré. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún àwọn Tápà Bídà ní owó ẹyọ àti ní ẹrú, kí ọmọ ogun Royal Niger Company tó dé ní 1897. Ẹni tí kò mọ òǹkà, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ?

Owó ẹyọ ti kógbá wọlé, ọ̀kẹ́ kò kú. Mílíọ̀nù kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni à ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí a sọ àpò nù nítorí pé owó inú rẹ̀ ti tán.