Ìbéèrè Ọmọ Ni Òṣùwọ̀n: Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ àti Dídi Ojú Inú Ọmọ Nínú Ilé Kristẹni ní Limawa

Ọmọ Kristẹni tí wọ́n bí sí Limawa, àdúgbò kan nínú ìlú Minna ní ìjọba ìbílẹ̀ Chanchaga, kì í dàgbà sáàárín àwọn ẹlẹ́sìn tirẹ̀ nìkan. Kí ó tó lè ka Sáàmù kẹtàlélógún lórí, etí rẹ̀ ti mọ ìpè àdúrà. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù a gbé wàláà lọ sí ilé kéú nírọ̀lẹ́. Òun a lọ sí Sọ́ńdè Sùkúùlù ní ọjọ́ Àìkú. Kì í pẹ́ kí ìbéèrè kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀: "Mọ́mì, ṣé iná ni Músá ń lọ?" Ohun tí òbí bá ṣe lẹ́yìn ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Èrò mi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ààlà wà láàárín kíkọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́ àti dídi ojú inú rẹ̀. Ọjọ́ orí ọmọ kọ́ ni ààlà náà, iye ẹsẹ àkọ́sórí tí ó mọ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni bí ìgbàgbọ́ òbí ti lágbára tó kọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Reluwé ló sọ Minna di ìlú ńlá, nítorí ibẹ̀ ni ojú irin tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Iṣẹ́ reluwé àti òwò kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ síbẹ̀, wọ́n sì di aládùúgbò àwọn Gbagyi, Nupe àti Hausa. Ní 1976 Minna di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger. Ní 2000 ìpínlẹ̀ náà wà lára àwọn tó gba òfin Ṣàríà fún ọ̀ràn ìwà ọ̀daràn. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí Kristẹni gbà pé iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ ni láti mọ odi yí ọmọ ká. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní ìpínlẹ̀ yìí ni àwọn agbébọn ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé Kátólíìkì ní Papiri ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ní Tegina, ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ ilé kéú lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Òbí tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí ló ń jí ọmọ Kristẹni gbé ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ kọ́ ọmọ, ìdajì ọ̀rọ̀ sì ni aṣọ àkọ́kọ́ tí a fi ń di ojú inú.

Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. I. A. Snook, nínú ìwé tó kọ ní 1972, gbé e ka èrò ọkàn olùkọ́: ẹni tó ń di ojú inú akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tó fẹ́ kí ó gba ohun kan gbọ́, ohun yòówù kí ẹ̀rí máa wí. Richard Dawkins, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2006. Ó ní kò tọ́ kí a máa pe ọmọdé ní ọmọ Kristẹni tàbí ọmọ Mùsùlùmí, nítorí kò tíì dàgbà tó láti mọ ohun tó gbà gbọ́. Elmer Thiessen, ará Kánádà, ti dá irú àwọn bẹ́ẹ̀ lóhùn ṣáájú, ní 1993, pé kò sí ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìrònú láti inú òfìfo: àṣà kan ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ dàgbà kí ó tó lè ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró yẹ àṣà náà wò.

Mo fara mọ́ Thiessen ju àwọn méjì tó kù lọ, síbẹ̀ n kò ju ọ̀rọ̀ Snook nù. Ìṣòro tí mo rí níbẹ̀ ni pé èrò ọkàn a máa fara pa mọ́, kódà fún ẹni tó ni ín. Ìyá tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ lè máa di ojú inú rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí ọmọ bá béèrè ni èrò ọkàn náà máa ń bọ́ síta: yálà kí òbí fetí sílẹ̀, kí ó wá ìdáhùn, kí ó sì gbà pé òun kò mọ ibi tí òun kò mọ̀, tàbí kí ó pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ní ti Yorùbá, ohun tí Dawkins ń fẹ́ kò ṣeé ṣe. A kì í fọ̀rọ̀ lọ̀ ọmọ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, orúkọ náà sì sábà máa ń gbé ìgbàgbọ́ ilé wọ̀ ọ́ lọ́rùn: Ifáyẹmí, Ògúnbíyìí, Olúwaṣẹ́gun. Ilé tó ní kí ọmọ má gba nǹkan kan gbọ́ títí yóò fi dàgbà ti kọ́ ọmọ náà ní nǹkan, pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò tó ohun tí à ń bá ọmọ sọ. Ní Limawa pàápàá, bí òbí bá dákẹ́, rédíò kò ní dákẹ́, ilé-ìwé kò ní dákẹ́, fóònù kò sì ní dákẹ́.

Àkọ́sórí pàápàá kò jẹ̀bi lójú mi. Ọmọ awo a kọ́ ẹsẹ Ifá sórí fún ọdún pípẹ́, ọmọ ilé kéú a há Kùránì sórí, ọmọ Áńgílíkà a ka Katikísìmù. Ohun tí ọmọ bá kọ́ sórí a máa dúró de òye rẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí olùkọ́ gba ẹsẹ lẹ́nu ọmọ, kí ó pàtẹ́wọ́ fún un, kí ó fún un ní súìtì, kí ó má sì jẹ́ kí ó béèrè ohun tí ẹsẹ náà ń sọ láéláé.

Ìtàn ìjọ Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í pè é. Ní 1853, míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ìjòyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé; orúkọ Yéjídé ṣì wà lára ilé-ìwé girama àwọn obìnrin ní Kúdẹtì títí di òní. Ọ̀pọ̀ òbí yòókù kò gbà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ìwé yóò gba ọmọ lọ́wọ́ òrìṣà ilé. Ẹ̀rù yẹn jọ èyí tó ń ba òbí Kristẹni ní Minna lónìí gẹ́lẹ́. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ṣe ìrìbọmi ní Sẹ̀rà Líónì ní 1825, kò sì sí ẹbí kan nítòsí tí ó lè fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Nígbà tí òun àti Afala ìyá rẹ̀ tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 1846, ọmọ ló wá ń kọ́ ìyá, ìyá náà sì ṣe ìrìbọmi ní 1848.

Àwọn tí a ń pè ní baba ìgbàgbọ́ wa jẹ́ ọmọ tó yẹ ẹ̀sìn ilé wò tí wọ́n sì kúrò nídìí rẹ̀. Lórí àga ìwàásù, ìgboyà ni a pe èyí. Bí ọmọ tiwa bá wá béèrè ìdí tí a fi ń sin ẹni tí a ń sìn, a ní ẹ̀mí ọlọ̀tẹ̀ ló ń ṣe é. Kò tọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ béèrè kò ní ẹnu tí yóò fi yin Crowther.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ìbéèrè ọmọ yóò ní kí n wo Tai Solarin. Wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1922, inú ẹ̀kọ́ ìjọ ló dàgbà sí, Wesley College ní Ìbàdàn ló sì ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ìgbàgbọ́ náà kò bá a kalẹ́. Nígbà tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956, kò fi ìsìn kankan sínú ètò ibẹ̀. Òbí kan lè sọ pé ibi tí ìbéèrè ń gbé ọmọ lọ nìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgboyà láti sọ òtítọ́ fún ìjọba àti ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn títí ó fi kú ní 1994, ta ló lè sọ pé kò sí ọwọ́ ilé tó tọ́ ọ nínú rẹ̀? Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni pé n kò gbà pé yíyọ ẹ̀sìn kúrò nílé-ìwé máa ń fi ọmọ sílẹ̀ lómìnira. Ó máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ mi ti fẹ́ wúwo ni ọ̀ràn ìbẹ̀rù. Òun ni ohun èlò tó rọrùn jù fún òbí tó wà láàárín ẹlẹ́sìn mìíràn. Ẹ gbé ẹran Iléyá yẹ̀ wò, èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọọdún nígbà tí aládùúgbò bá gbé àwo wá. Ó tọ́ kí òbí sọ pé: "A kì í jẹ ẹ́ nílé wa, ìdí rẹ̀ nìyí." Ó tọ́ kí òmíràn jẹ ẹ́ kí ó sì ṣàlàyé. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ̀wé lórí irú ọ̀ràn báyìí sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó sì gbé e ka ẹ̀rí ọkàn àti ìfẹ́ ẹnì kejì. Ohun tí kò tọ́ ni kí a sọ fún ọmọ ọdún méje pé ẹ̀mí èṣù yóò bá ẹran náà wọ inú rẹ̀ lọ. Kò lè yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ó kàn lè bẹ̀rù rẹ̀, yóò sì máa bẹ̀rù ìyá Músá tó gbé àwo náà wá. Ọmọ Yorùbá ni ọmọ tí à ń sọ yìí pẹ̀lú: bí ó bá délé, ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, ó lè jẹ́ Alhaji ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹni tí a kọ́ pé ọ̀tá ni gbogbo Mùsùlùmí, báwo ni yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yẹn?

Ìbẹ̀rù tí a fi ẹ̀sìn bò kì í sì í dúró sórí ẹran. Ní Akwa Ibom, ó le débi pé àwọn wòlíì kan ń pe ọmọdé ní àjẹ́, tí wọ́n ń lé wọn jáde nílé, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ṣòfin ní 2008 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kan ọmọ. Ilé ìgbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti wá.

Àwọn tó ń fi Òwe 22:6, tó ní kí a tọ́ ọmọdé ní ọ̀nà tí yóò tọ̀, gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ yẹ kí wọ́n ka Ẹ́kísódù orí kejìlá àti Jóṣúà orí kẹrin pẹ̀lú. Níbẹ̀, ọmọ ló kọ́kọ́ béèrè ìtumọ̀ àjọ̀dún àti ìtumọ̀ òkúta, òbí sì dáhùn pẹ̀lú ìtàn. A ṣètò ẹ̀kọ́ náà kí ó lè fa ìbéèrè. Nínú Lúùkù orí kejì, Jésù ọmọ ọdún méjìlá jókòó láàárín àwọn olùkọ́, ó ń gbọ́, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Kò sí ẹni tó lé e jáde. Èyí ni àwòrán kan ṣoṣo tí ìwé Ìhìn Rere fi sílẹ̀ fún wa nípa bí Jésù ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà ọmọdé. Ó ṣòro fún mi láti lóye bí ìjọ tó ń ka ìtàn yìí ṣe lè ka ìbéèrè ọmọ sí àfojúdi.

Òfin pàápàá ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí èyí. Abala 38 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ìrònú, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà. Ó tún sọ pé ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ fi ipá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Lórí abala yìí ni òbí Kristẹni ní Minna ń dúró nígbà tó bá ń béèrè olùkọ́ Ìmọ̀ Bíbélì fún ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba, ó sì jàre. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wá fi kún un pé ọmọ fúnra rẹ̀ ní òmìnira ẹ̀rí ọkàn, pé iṣẹ́ òbí ni láti tọ́ ọ sọ́nà bí òye rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ẹ̀tọ́ tí à ń béèrè lọ́wọ́ gómìnà kò yẹ kó parí sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé tiwa.

Àtakò kan ṣẹ́ kù tó wúwo, n kò sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: bí ọmọ bá béèrè tán tó sì fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀, yóò sì dun òbí dé egungun. Ṣùgbọ́n ìjọ ti gbà tipẹ́ pé ẹnì kan kò lè gbàgbọ́ fún ẹlòmíràn. Onítẹ̀bọmi àti ìjọ Krístì Àpọ́sítélì a dúró kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Áńgílíkà a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń mú un wá síwájú bíṣọ́ọ̀bù nígbà tó bá dàgbà, kí ó lè dáhùn fúnra rẹ̀. Bí ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" bá máa ní láárí níbẹ̀, "bẹ́ẹ̀ kọ́" gbọ́dọ̀ ṣeé sọ, kí ẹni tó sọ ọ́ sì ṣì jẹ́ ọmọ nínú ilé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn olùkọ́ Sọ́ńdè Sùkúùlù ní Limawa, ní Bosso, ní Tunga, níbikíbi tí ọmọ wa bá wà: ẹ fi àkókò kan sílẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ àkọ́sórí lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè wọn, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí Músá gbà gbọ́ bí Músá fúnra rẹ̀ yóò ṣe sọ ọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má lù wọ́n nítorí ohun tí wọ́n béèrè. Ibi tí ẹ kò bá ti mọ ìdáhùn, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì jọ wá a.